Èènì Tí Ó Wà Nínú Tíkẹ́ẹ̀tì Ọkọ̀ Òfúrufú

(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan bá àpéjọ ọdọọdún ẹgbẹ́ sọ)

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí yóò ṣe àwọn ará wa ní òkè òkun ní àǹfààní, tí yóò sì kan àwa tí a wà ní ilé.

Bí a bá lọ ra gààrí lọ́jà, lẹ́yìn tí ọlọ́jà bá ti wọ̀n ọ́n tán, a ó ní kí ó fi èènì sí i. Ẹni tí kò bèèrè kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ọlọ́jà ti ro èènì náà mọ́ iye tí ó dá lé ọjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú. Láti ọdún 1981 tí American Airlines ti dá ètò AAdvantage sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni àwọn yòókù ti ń ṣe irú rẹ̀: bí ènìyàn bá ti ń wọ ọkọ̀ wọn, wọn a máa ṣírò èènì fún un, tí ó bá sì pọ̀ tó, a lè fi gba ìjókòó.

Nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ará wa ń gba ọ̀nà Lọ́ńdọ́ọ̀nù sí Èkó, ti British Airways ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Avios ni wọn ń pe èènì tiwọn.

Èkíní, ẹ forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kò gba owó. Orúkọ tí ó wà nínú ìwé ìrìnnà ni kí ẹ fi sílẹ̀, lẹ́tà fún lẹ́tà. Obìnrin tí ó fi orúkọ bàbá rẹ̀ forúkọ sílẹ̀, tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ ọkọ, wàhálà ni ó ń ra. Bí ó bá jẹ́ pé aṣojú ni ó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún yín, ẹ fún un ní nọ́ńbà yín, kí ẹ sì tọ́jú káàdì tí ẹ fi wọ ọkọ̀ títí èènì yóò fi wọlé.

Èkejì, ẹ má ṣe ra ọ̀wọ́n nítorí èènì. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023, iye owó tí ènìyàn san ni British Airways fi ń ṣírò Avios, kì í ṣe jíjìn ọ̀nà mọ́. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ń gba Avios 6 lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, láìka owó orí ìjọba mọ́ ọn. Bí tíkẹ́ẹ̀tì kan bá fi £100 wọ́n ju èkejì lọ, Avios 600 péré ni yóò fi lé e. Bí a bá ka Avios kan sí pẹ́nì kan, £6 ni gbogbo rẹ̀. Ta ni yóò san £100 nítorí £6?

Ẹ̀kẹta, ẹ kó èènì yín jọ sí ojú kan. Ẹni tí ó lé eku méjì yóò pòfo. Ẹni tí ó ní díẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ márùn-ún lè má rí ìjókòó kan gbà nínú ọ̀kankan. Avios ní àǹfààní kan níhìn-ín: Qatar Airways àti Finnair náà ń lò ó, a sì lè kó o láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan lọ sí ọ̀dọ̀ èkejì. British Airways sì gba ènìyàn méje tí ń gbé ojúlé kan náà láàyè láti da tiwọn pọ̀, àti ọmọdé pàápàá. Ẹni tí ó bá wọ irú àdàpọ̀ yìí kò lè fi Avios rẹ̀ gba ìjókòó fún ẹni tí kò sí nínú rẹ̀, àfi ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ẹbí àti ọ̀rẹ́. Nítorí náà, ẹ tètè kọ orúkọ Màmá tí ń bẹ nílé síbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ṣírò kí ẹ tó ná an. Ìjókòó tí a fi Avios gbà kì í ṣe ọ̀fẹ́ pátápátá. A ó san owó lé e, pàápàá owó orí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń kúrò ní ilẹ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé Avios 50,000 pẹ̀lú £400 ni wọn bèèrè. Bí tíkẹ́ẹ̀tì kan náà bá jẹ́ £900 lówó, £500 ni Avios yín gbà yín, èyíinì ni pẹ́nì kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ £500 lówó, £100 péré ni wọ́n gbà yín. Nígbà náà, ẹ sanwó, kí ẹ fi Avios pamọ́ de ìgbà ọ̀wọ́n.

Ìgbà ọ̀wọ́n náà ni oṣù Kejìlá, àti ìgbà tí ìròyìn òkú bá dé lójijì. Àwọn ìjókòó yìí ń jáde láti ọjọ́ 355 ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò. Ẹni tí yóò wá ṣe Kérésìmesì nílé, kí ó ti máa wò ó láti ọdún tí ó ṣáájú. Bí ètò bá sì yí padà, a lè fagi lé e kí ó tó ku wákàtí 24, kí a san owó díẹ̀, kí Avios sì padà sọ́wọ́ wa.

Ẹ̀karùn-ún, èènì kì í ṣe ilẹ̀ tí a jogún. Bí oṣù 36 bá kọjá tí Avios kankan kò wọlé, tí kankan kò sì jáde, gbogbo rẹ̀ yóò parẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà sì lè fi kún iye tí ìjókòó ń gbà nígbàkígbà tí ó bá wù ú. Nítorí náà, kí á kó o jọ, kí á sì ná an. Ẹ má sì tà á fún ẹnikẹ́ni; òfin wọn kò gbà á, wọ́n sì lè ti ìwé ẹni tí ó tà á pa.

Ẹ̀yin ará, owó tí àwọn ọmọ wa fi ń wá sílé kì í ṣe kékeré. Òun náà ni wọ́n lè fi san owó ilé-ìwé, tàbí owó ẹgbẹ́ yìí. Mo bẹ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní òkè òkun pé kí ẹ yan ọ̀dọ́ kan tí ó mọ iṣẹ́ náà, kí ó máa bá àwọn àgbà forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún, ẹ má ṣe tijú láti bi í pé, "Ìwọ ọmọ yìí, èènì tèmi dà?" Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìrìnàjò ọdún mélòó kan, bí a bá kó èènì wọn jọ dáadáa, lè di ìjókòó kan fún ìyá tí kò tíì rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ rí.

Kí Ọlọ́run máa mú wa lọ, kí ó sì máa mú wa bọ̀.