Wákàtí mélòó ni a fi ń kọ́ iṣẹ́ ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì?

 

Ọ̀rọ̀ òní kan ẹ̀yin tí ọmọ yín fẹ́ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ yín ti Kútọnù dé. Ó kúnlẹ̀, ó ní: “Bàbá, mo fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń ṣe ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá kan ní ọ̀sẹ̀ 3 péré ni n ó fi mọ̀ ọ́n tán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá owó rẹ̀.” Owó kò sí nílé, ṣùgbọ́n àgbàdo wà nínú àká. Ṣé kí ẹ tà á? Kí ẹ tó tà á, ẹ jẹ́ ká ṣírò.

Kí ni iṣẹ́ náà? Bí ẹ bá ṣí íntánẹ́ẹ̀tì lórí tẹlifóònù, ẹ ó rí ọ̀rọ̀, ẹ ó rí àwòrán, ẹ ó rí ibi tí a ń tẹ̀. Ènìyàn ló kọ wọ́n síbẹ̀. Tim Berners-Lee, ará Ìlú Ọba, ló dá irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ní ìlú Geneva, nígbà náà. Ní 1989 ló mú àbá rẹ̀ wá. Ní 1991 ló ṣí i sílẹ̀ fún àwọn ará ìta.

Èdè 3 ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́. HTML dà bí ògiri ilé: òun ló ń sọ pé àkọlé nìyí, àwòrán nìyí. CSS dà bí ọ̀dà tí a fi ń kun ògiri: òun ló ń sọ àwọ̀ àti bí lẹ́tà yóò ṣe tóbi tó. JavaScript dà bí ilẹ̀kùn: a tì í, ó ṣí.

Ṣé ó le? Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò le. Ní alẹ́ kan péré, ọmọ lè kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí ojú-ewé. Ní ọ̀sẹ̀ 3, ó lè ti fi àwòrán àti àwọ̀ sí i. Ọ̀gá yẹn kò parọ́ pátápátá. Ọ̀sẹ̀ 3 tó láti bẹ̀rẹ̀. Kò tó láti mọ̀ ọ́n tán.

Ẹ rántí ìgbà tí ẹ̀yin fúnra yín bẹ̀rẹ̀ ìwé. Ní ọjọ́ kìíní, ẹ kọ a, ẹ kọ b. Nígbà tó yá, ẹ kọ orúkọ yín. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ẹ tó lè kọ lẹ́tà sí ọmọ lẹ́yìn odi, kó kà á, kó sì yé e. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yìí rí.

Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ freeCodeCamp. Ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 2014. Kì í gba owó. Ní 2018, nǹkan bí wákàtí 300 ló kà fún HTML àti CSS. Ó tún ka nǹkan bí 300 fún JavaScript. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 600.

Ẹ mú ìwé àti kálámù. Ọ̀sẹ̀ 3 jẹ́ ọjọ́ 21. Ẹ pín wákàtí 600 sí ọjọ́ 21. Ó lé ní wákàtí 28 lójúmọ́. Bẹ́ẹ̀, wákàtí 24 ni ọjọ́ kan ní. Ẹ ò rí i pé kò ṣeé ṣe!

Bí ọmọ bá ń kọ́ ọ fún wákàtí 4 lójúmọ́, oṣù 5 ni. Bí ó bá jẹ́ wákàtí 2, oṣù 10 ni. Bí ó bá jẹ́ wákàtí 1, oṣù 20 ni. Bí ó bá jẹ́ wákàtí 1 ní ọjọ́ ọjà ọrọọrún nìkan, yóò lé ní ọdún 6. Yóò sì ti gbàgbé ti àná kí ti òní tó dé.

Ẹnì kan lè sọ fún yín pé ọjọ́ 10 ni Brendan Eich fi ṣe JavaScript ní 1995. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kó tó ṣe é. Àgbà alágbẹ̀dẹ lè rọ ọkọ́ ní òwúrọ̀ kan. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fínná kò lè ṣe é.

Nítorí náà, kí ni kí ẹ ṣe?

Èkíní, ẹ má tíì ta àgbàdo. Kí ọmọ kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún oṣù 1, kó yá kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ lò. Tẹlifóònù tó láti ka ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ó nira láti fi ṣiṣẹ́ náà.

Èkejì, ẹ bi ọ̀gá náà pé: “Wákàtí mélòó ni ẹ ó fi kọ́ ọmọ wa?” Ẹ má béèrè ọ̀sẹ̀ nìkan.

Ẹ̀kẹta, ẹ ní kó fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ tó ti kọ́ hàn yín.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan.

Bí ọmọ bá sì ń fi ara ṣe é lójoojúmọ́, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ nítorí pé ó jókòó. Ẹ fún un ní wákàtí rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

 

Ìbéèrè:
1. Kí ni ọmọ lè mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ 3?
2. Bí ó bá ń kọ́ ọ fún wákàtí 3 lójúmọ́, ọjọ́ mélòó ni yóò fi pé wákàtí 600?
3. Wákàtí mélòó ni ẹ rò pé ẹ̀yin fi kọ́ ìwé kíkà?