Òtútù Nìkan Kò Tó: Ìdí Tí Ẹrù Òtútù Fi Gbọ́dọ̀ Dé Lásìkò

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tó wáyé ní ìlú Ìwó, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

Kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀, ẹ fàyè gbà mí kí n sọ ohun kan tí kò ní dùn létí. Aago mẹ́wàá ni wọ́n kọ sínú ìwé ìpè. Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, àwọn tó ń to àga nìkan ni mo bá nínú gbọ̀ngàn yìí. N kò fi bú ẹnikẹ́ni, àgbà lẹ jẹ́ fún mi. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àkókò lẹ ní kí n wá sọ, kò sì yẹ kí n bá awakọ̀ tó pẹ́ dé wí, kí n wá gbójú fo ìjókòó tiwa.

N kò ní pẹ́ lórí ìtumọ̀, nítorí ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹrù òtútù ni àjẹsára, ẹ̀jẹ̀, oògùn kan, ẹja, ẹran, wàrà. Òmíràn ń fẹ́ dígírì 2 sí 8, òmíràn ń fẹ́ kí ó dì gbagidi. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ooru ń bà wọ́n jẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò tíì gbà ni pé òtútù kì í dá ọjọ́ dúró, ó kàn ń fà á sẹ́yìn ni. Ẹrù tó wà nínú yìnyín ṣì ń gbó lọ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, wákàtí tí ó máa dé ṣe pàtàkì tó òtútù tí a fi gbé e. Ohun tí mo bá wá gan-an nìyẹn, ó sì ti pẹ́ tí èmi àti àwọn kan ti ń fà á.

Àríyànjiyàn ọlọ́jọ́ pípẹ́

Mo ní àwọn ọ̀rẹ́ kan, onímọ̀ ẹ̀rọ ni púpọ̀ nínú wọn, tí ìdáhùn wọn sí gbogbo ìṣòro àjẹsára nílẹ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ ra fíríìjì sí i. Mo gbọ́ ọ nígbà tí mo ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́, mo gbọ́ ọ ní ìpàdé n’Íbàdàn, mo gbọ́ ọ l’Ábújà. Wọ́n ní bí iná bá dúró, tí sólà bá wà, ọ̀rọ̀ bùṣe. N kò sọ pé fíríìjì kò wúlò. Ẹni tó bá rántí fíríìjì oníkẹrosíìnì tó wà nílé ìwòsàn ìgbèríko nígbà èwe wa, tí nọ́ọ̀sì máa ń kúnlẹ̀ tì láràárọ̀ láti gé òwú rẹ̀ kí iná má baà máa rú èéfín, yóò gbóṣùbà fún ẹni tó ṣe ti òde òní. Àmọ́ mo ní kí àwọn ọ̀rẹ́ mi wá ṣàlàyé oṣù Disẹ́ńbà ọdún 2021 fún mi, títí di òní wọn kò tíì ṣàlàyé rẹ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Mááṣì ọdún 2021 ni àjẹsára Kòrónà àkọ́kọ́ balẹ̀ s’Ábújà lábẹ́ COVAX, ètò tó ń pín àjẹsára Kòrónà káàkiri àgbáyé, ó lé ní mílíọ̀nù 3.9 ìwọ̀n abẹ́rẹ́, AstraZeneca sì ni. Àjẹsára yìí kì í ṣe oníwàhálà. Dígírì 2 sí 8 ló ń fẹ́, ó sì lè lo oṣù 6 níbẹ̀. Irú fíríìjì tí a fi ń tọ́jú àjẹsára ọmọdé tó o. Pfizer ni tiẹ̀ le nígbà náà, tó ń béèrè nǹkan bíi dígírì 70 sísàlẹ̀ òdo, tí àwọn èèyàn sì ń pariwo pé apá wa kò lè ká a. Síbẹ̀, AstraZeneca tó rọrùn yìí gan-an la lọ dà nù. Ní ọjọ́ 22 oṣù Disẹ́ńbà ọdún náà, NPHCDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àjẹsára, àti NAFDAC, àjọ tó ń yẹ oúnjẹ àti oògùn wò, kó ìwọ̀n abẹ́rẹ́ 1,066,214 lọ sí ààtàn Gosa l’Ábújà. Katakata ńlá gun orí páálí àjẹsára, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́ níṣojú àwọn oníròyìn.

Kí ló ṣe é? Ooru kọ́. Dókítà Faisal Shuaib tó jẹ́ ọ̀gá NPHCDA nígbà náà ṣàlàyé pé ọjọ́ tó kù lára wọn kò tó nǹkan nígbà tí wọ́n fi gúnlẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ti tọ́jú wọn sọ́wọ́ títí ó fi ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n tó fi ta wá lọ́rẹ. Nínú òtútù ni wọ́n wà nílùú òyìnbó, nínú òtútù ni wọ́n gun bàálù, inú òtútù náà ni ọjọ́ ti pé lórí wọn. Fíríìjì ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ láìkù síbì kan. Àkókò ló já wa kulẹ̀.

Ẹ bá mi tọ ọ̀nà tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ máa ń gbà. Yóò kúrò ní pápákọ̀ òfuurufú, NAFDAC yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Yóò wọ yàrá òtútù ìjọba àpapọ̀ l’Ábújà, yóò ti ibẹ̀ lọ sí ti ẹkùn, láti ẹkùn sí ti ìpínlẹ̀, láti ìpínlẹ̀ sí ti ìjọba ìbílẹ̀, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tí yóò gún un. Ẹ máa dá ọjọ́ fún ìdúró kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí pé a kò tíì kéde fún aráàlú, ẹni tí ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà kò sì tíì gbà láti jáde. Ẹrù tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nígbà tó balẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú kí ó tó rí Òṣogbo. Ìdí nìyẹn tí AVAT tó ń bá ilẹ̀ Áfíríkà ra àjẹsára, Africa CDC tó ń gbógun ti àrùn níbẹ̀, àti COVAX fi pa ohùn pọ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Nọ́fẹ́ńbà ọdún 2021, pé ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ 10 gbọ́dọ̀ kù lára àjẹsára ọrẹ kí ó tó wọ orílẹ̀-èdè kankan. Wọn kò sọ̀rọ̀ fíríìjì nínú gbólóhùn yẹn. Ọjọ́ ni wọ́n kà.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń dáhùn pé ẹ̀bi olówó nìyẹn, kò kan ètò tiwa. Mo gbà pé ẹ̀bi olówó wà níbẹ̀, ó sì burú jáì. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá gbé oúnjẹ àná wá, onílé tí kò tètè bu ú jẹ náà ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀. Ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ sọ lóṣù Disẹ́ńbà kan náà pé òun kò ní gba àjẹsára tí ọjọ́ rẹ̀ ti fẹ́ tán mọ́. Ìpinnu yẹn ni ìdáhùn, ó sì yẹ kó ti wà nílẹ̀ kí bàálù kankan tó balẹ̀.

Àwọn mìíràn tún wà tí wọ́n ní ká ṣe àjẹsára tí kò bẹ̀rù ooru, ká sinmi. Wọ́n á mú ti ìgbóná olóde wá bí àpẹẹrẹ. Òótọ́ ni pé àjẹsára gbígbẹ tí a lò lòdì sí ìgbóná olóde ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti ọdún 1967 lè fara da ooru fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ìyẹn sì wà lára ohun tó jẹ́ kí a lè kéde ní ọdún 1980 pé àrùn náà ti kásẹ̀ ńlẹ̀. Mo yìn ín. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí ní Ìwó lánàá kò lè dúró de àjẹsára tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe.

Ohun tí ara ìgò ń sọ

Ẹ gbé ìgò àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kan sójú. Lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ óò rí òbìrí kékeré kan aláwọ̀ àlùkò, igun mẹ́rin tó funfun sì wà láàárín rẹ̀. Láti ọdún 1996 ni wọ́n ti ń fi sí i. Bí ooru bá ti ń kàn án, igun mẹ́rin náà á máa ṣú lọ. Ìgbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá bá ti òbìrí dọ́gba, ẹ gbé ìgò náà sọnù. Ní dígírì 37, tó jẹ́ ìwọ̀n ìgbóná ara èèyàn, ọjọ́ méjì péré ti tó fún èyí. Mo fẹ́ràn àmì yìí ju gbogbo ẹ̀rọ olówó ńlá lọ, nítorí kì í gbàgbé. Ẹ dá ìgò náà padà sínú yìnyín fún oṣù kan, igun mẹ́rin tó ti ṣú kò ní funfun mọ́. Wákàtí kan tí ọkọ̀ fi dúró ní ọ̀nà Òṣogbo nítorí táyà, wákàtí méjì tó fi wà nínú oòrùn níwájú ọ́fíìsì tí ẹni tí yóò buwọ́ lùwé kò tíì dé, gbogbo rẹ̀ ló kọ sílẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì.

Ìpẹ́lẹ́yìn tún ń ṣe ibi kejì tí àmì yìí kò lè fi hàn. Àjẹsára ipá (tetanus) àti ti ẹ̀dọ̀ (hepatitis B) kò fẹ́ dídì rárá. Bí ó bá dì, agbára rẹ̀ ti lọ. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì mọ̀ pé kí a tó to yìnyín sínú Giostyle, àpótí tí a fi ń gbé àjẹsára, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e síta títí tí a óò fi mì ín tí a óò gbọ́ tí omi ń dún nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó yẹ kó dé ní aago méje dé ní mẹ́sàn-án, àwọn ìyá ti ń dúró, awakọ̀ ń fun fèrè. Ta ni yóò dúró gbọ́ omi? Wọ́n á kó yìnyín tó ṣì dì gbagidi láti inú fìrísà ti àjẹsára ipá lára, ó sì lè dì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ẹni tó bá pẹ́ lè fi ooru ba ẹrù jẹ́, ó sì tún lè fi òtútù bà á jẹ́.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Ógọ́ọ̀sì ọdún 2020 ni wọ́n jẹ́rìí pé kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ àdáyébá ti tán nílẹ̀ Áfíríkà. Àwọn tó gun kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù kó ìgò yìí dé abúlé kí igun mẹ́rin tó ṣú ló ṣe é. Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Ẹ̀jẹ̀ àti ẹja

Wọ́n ti ń fi aago hàn mí, n óò yára. Ẹ̀jẹ̀ pupa tí a gbà sínú àpò máa ń lo ọjọ́ 35 nínú òtútù. Ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá, tí a kì í sábà tọ́jú sínú òtútù, kì í sábà ju ọjọ́ 5 lọ. Obìnrin tó ń sun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ kò ní wákàtí púpọ̀, ohun tó fa LifeBank tí Temie Giwa-Tubosun dá sílẹ̀ ní ọdún 2016 nìyẹn, tí wọ́n ń fi alùpùpù gbé ẹ̀jẹ̀ kiri l’Ékòó. Oxytocin tí a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró pàápàá ń fẹ́ òtútù.

Ẹ̀yin ìyá tó ń ta ẹja Títúsì, bí páálí bá dé tí omi ẹ̀jẹ̀ ti dì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹja náà ti yọ́ lọ́nà rí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un dì ni. Ẹ má gbà á. Irú ẹja yìí tó bá ti pẹ́ nínú ooru lè ní ohun kan lára tó ń mú ara yún èèyàn, tó ń mú ojú pọ́n, iná ọbẹ̀ kò sì lè pa á.

Ẹ̀bẹ̀ mi kan ṣoṣo ló kù, ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ni mo sì ń darí rẹ̀ sí. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni nọ́ọ̀sì ń kọ ìwọ̀n òtútù fíríìjì sínú ìwé. Kí á fi ìlà kan kún ìwé náà: aago wo ni ó yẹ kí ẹrù dé, aago wo ni ó dé, ta ni ó dá a dúró. Kí owó epo ọkọ̀ àjẹsára sì máa jáde ṣáájú ọjọ́ abẹ́rẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwó níbí, lóṣù tó ń bọ̀.