Ta Ni Ó Ń Pààlà?



Ìṣirò kan wà tí wọ́n ń pè ní logistic regression. Ní 1958, David Cox, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé pàtàkì lórí rẹ̀. Iye ni ó ń fún wa: nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó rí bí ẹni yìí, mélòó ni ó ṣeé ṣe kí ó ní àrùn?

Ẹ jẹ́ kí a fi ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ìṣirò fún Àjàyí ní 70, Àdùkẹ́ ní 30, Òjó ní 3. Ta ni kí a yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pààlà sí 50. Àjàyí nìkan ni wọn yóò pè. Ṣùgbọ́n 50 kì í ṣe dandan.

Ẹ wo ènìyàn mẹ́wàá tí olúkúlùkù wọn gba 10. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ní àrùn, kí ara àwọn mẹ́sàn-án yòókù le. Bí a bá pè wọ́n, a yọ ẹni mẹ́sàn-án lẹ́nu lásán. Bí a kò bá pè wọ́n, aláìsàn kan lọ sílé láìgba oògùn, yóò sì máa kó o ran ará ilé rẹ̀. Bí ẹ bá ka àṣìṣe kejì yìí sí ìlọ́po mẹ́sàn-án ti àkọ́kọ́, ẹ pààlà sí 10. Nígbà náà, a ó pe Àdùkẹ́ náà.

Ìṣirò ló ń wọn ilẹ̀. Ènìyàn ló ń pààlà. Ẹ máa bi í léèrè pé: àṣìṣe wo ló wúwo jù lójú rẹ̀?

Ó dìgbà o.