Bí Ṣájà Inú Ọkọ̀ Ṣe Ń Mú Iná Dúró Déédé



Fóònù mi wà lẹ́nu ṣájà olówó pọ́ọ́kú nígbà tí mo ṣíná ọkọ̀. Bó ṣe bàjẹ́ nìyẹn.

Bátìrì ọkọ̀ ń gbé nǹkan bíi fólítì 12. Bí a bá ń ṣíná, ó lè já sí 8. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó lè dé 14. Fólítì 5 ni fóònù ń retí. Ṣájà ń tan iná, ó ń pa á, lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí 12 bá ń wọlé, iná a wà ní títàn fún nǹkan bíi ìdá 42 nínú 100 àkókò náà; bó bá di 14, ó gbọ́dọ̀ dín sí 36.

Báwo ló ṣe ń mọ̀? Ó lè máa ṣọ́ iná tó ń jáde, kó tún un ṣe bó bá yẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyípadà ti kan fóònù ná. Ó sì lè ṣọ́ iná tó ń wọlé, kó tètè múra. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àmọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kò rí inú ilé: bí fóònù bá fa iná jù, kò ní mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí ṣájà lo ọ̀nà méjèèjì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣíná ọkọ̀ tán kí ẹ tó so fóònù mọ́ ṣájà.