Kí Ìdílé Mọ Ohun Tó Wà Nínú Igbó Rẹ̀



Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé Àbújá ló ní igbó ìdílé nílé: igbó tí àwọn baba ńlá kò fi dáko, tí ìrókò, arère àti afàrà ń dàgbà nínú rẹ̀. Bí àgbà tó mọ ààlà rẹ̀ bá kú, ìmọ̀ náà a bá a lọ. Oníṣòwò gẹdú a sì dé bá ìdílé tí kò mọ iye igi tó fẹ́ tà.

Ìlànà ilẹ̀ Yorùbá, tí ilé ẹjọ́ náà fọwọ́ sí, ni pé ọmọ ẹbí kan kò gbọdọ̀ dá ta ilẹ̀ ẹbí lẹ́yìn olórí ẹbí. Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, síbẹ̀ kò lé ẹni tó ti ń dáko ní ìgbèríko kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè tọ́ka ààlà rẹ̀ ṣòro láti gbèjà.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni mímọ igbó. Èkíní ni ààlà: kí àgbà, ọ̀dọ́ àti aládùúgbò jọ rìn ín, láti ìdí pèrègún dé etí odò, kí awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ sì ya àwòrán rẹ̀. Èkejì ni kíka igi: kí wọ́n na okùn ìwọ̀n yí igi ká níbi tó fi mítà 1.3 ga sí ilẹ̀. Bí gbòǹgbò bá yọ kọjá ibẹ̀, kí wọ́n wọ̀n ọ́n lókè gbòǹgbò. Kí wọ́n ka igi kéékèèké pẹ̀lú, nítorí igi kan kì í dá igbó ṣe: igbó tó ní àgbà ìrókò mẹ́wàá, tí kò ní ọ̀kan tó ń hù, ó ń kú lọ ni. Ẹ̀kẹta ni bíbéèrè: ọdẹ mọ ibi tí ẹranko ti ń mu omi, onísègùn mọ ewé, àwọn ìyá mọ èso àti ẹ̀fọ́ igbó. Kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo jẹ́ ẹ̀rí. Hẹ́kítà 75 ni. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Irú ewéko tí wọ́n kà níbẹ̀ lé ní 400. Èyí tó jẹ́ oògùn nínú wọn lé ní 200. Ẹni tí kò kà wọ́n, igi ìdáná àti pákó nìkan ni yóò rí.

Nígbà tí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá kó ọmọ ẹbí jọ, kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún igbó wọn. Kí ẹ̀dà ìwé náà wà lọ́wọ́ olórí ẹbí, kí òmíràn wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ìdílé tó bá mọ ohun tó ní ni yóò lè sọ pé òun kò tà á.