Ẹ Jẹ́ Ká Ka Àwọn Àgbà Wa



Awakọ̀ tó fi ọdún 40 wakọ̀ ní Gáréèjì yìí, ìyá tó ń ta ẹja, ta ló ń san owó ìfẹ̀yìntì fún wọn? Kò sí. Ní 2011, ìjọba Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn àgbà aláìní tó ti lé ní ọdún 65 ní ₦5,000 lóṣooṣù. Wọ́n kọ́kọ́ forúkọ wọn sílẹ̀ ná. Ẹni tí a ò kà ò lè sí nínú ètò. Ìkànìyàn tí Nàìjíríà sì ṣe kẹ́yìn, 2006 ni.

Ìdí nìyẹn tí àwa ọ̀dọ́ fi fẹ́ lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ìbéèrè wa ò pọ̀: ọjọ́ orí yín, ta ló ń bọ́ yín, oògùn wo lẹ̀ ń rà. Màmá mi àgbà ò mọ ọdún tí wọ́n bí wọn, àmọ́ wọ́n rántí pé àwọn ti ń kiri ọjà nígbà òmìnira 1960. Ó ti tó. Wọ́n ti lé ní 65 dáadáa.

A ò ní gbowó, a ò ní béèrè BVN. Ẹni tó bá béèrè ẹ, ẹ lé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ilé, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wa. Àkọsílẹ̀ náà la máa gbé lọ sí káńsù, kì í ṣe ẹnu lásán.