Oòrùn Kan Ṣoṣo, Ooru Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Nígbà tí oṣù Ẹ́prílì bá dé, ẹni tí kò bá ní ìdí pàtàkì kì í fẹ́ fi ẹsẹ̀ rin Afárá Kennedy ní Niamey kọjá ní ọ̀sán gangan. Láti ọdún 1970 ni afárá náà ti so olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger pọ̀ mọ́ Harobanda, àdúgbò tí ó wà ní òdìkejì Odò Ọya. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Zarma ni "ẹ̀yìn omi", gẹ́gẹ́ bí àwọn Yorùbá ti í pe àdúgbò mìíràn ní Òkè-Odò. Ní àkókò náà, odò a ti fà, iyanrìn a ti yọ láàárín rẹ̀, ooru ọ̀sán a sì máa kọjá dígírì 40. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ọ̀pọ̀ ènìyàn a gbé ẹní jáde sí àgbàlá, nítorí pé inú ilé kò ṣe é sùn.

Ní ọ̀sán kan náà, ará Èkó lè máa ráhùn pé ooru mú, ṣùgbọ́n bí dígírì 32 tàbí 33 ni tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Èkó súnmọ́ ìlà agbedeméjì ayé ju Niamey lọ. Kí ni ó dé tí ibi tí ó súnmọ́ ìlà náà fi tutù ju ibi tí ó jìnnà sí i? Ìbéèrè ọmọ ilé-ìwé ni ó jọ, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Ẹ́prílì ọdún 2024, ìwọ̀n ooru dé dígírì 48.5 ní ìlú Kayes, ní orílẹ̀-èdè Mali tí ó bá Niger pààlà. Láàárín ọjọ́ 4 àkọ́kọ́ nínú oṣù náà, ènìyàn 102 ni ó kú ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Bamako, ju ìdajì wọn lọ ni ó sì ti lé ní ẹni 60 ọdún. Oṣù ààwẹ̀ ni, iná mànàmáná sì ń ṣe ségesège. Ooru náà kò yọ Niger sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé nígbà tí oòrùn bá súnmọ́ ayé ni ooru ń mú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Jánúárì ni ayé súnmọ́ oòrùn jù lọ láàárín ọdún, ìgbà náà gan-an sì ni ọyẹ́ ń fẹ́ ní Niamey, tí òtútù sì ń mú àwọn ará London. Ọ̀nà tí ìtànṣán oòrùn ń gbà balẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì. Bí ènìyàn bá tan tọ́ọ̀ṣì sí ògiri tààrà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a kóra jọ sí ojú kan. Bí ó bá dà á sí ẹ̀gbẹ́, ìmọ́lẹ̀ kan náà a tàn kálẹ̀, agbára rẹ̀ a sì dínkù. Nítorí pé ayé fì sí ẹ̀gbẹ́ ní dígírì 23.5 bí ó ti ń yí oòrùn ká, ibi tí oòrùn ti ń wà lókè orí gangan kò dúró sí ojú kan. Ó ń kọjá lórí Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ẹ́prílì, ó sì ń dé orí Niamey ní ìparí oṣù náà. Kò dé orí London rí.

Síbẹ̀, èyí nìkan kò tó. Ní àárín oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, oòrùn a tún padà wá sí òkè orí àwọn ará Harobanda, ṣùgbọ́n ooru ọ̀sán ìgbà náà a máa fi bí dígírì 8 kéré sí ti oṣù Ẹ́prílì. Omi ni ó fa ìyàtọ̀ náà. Ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, òjò ti dé, àwọsánmà ti bo ojú oòrùn, ilẹ̀ sì ti tutù. Bí a bá gbé ìkòkò irin òfìfo ka iná, kò ní pẹ́ pọ́n. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, yóò pẹ́ kí ó tó gbóná. Ohun kan náà ni ó ń mú kí omi amù tutù: ọ̀rinrin tí ó ń gbẹ kúrò lára amù ni ó ń kó ooru lọ. Òkun ni ìkòkò omi ti Èkó. Ilẹ̀ gbígbẹ Niamey ní oṣù Ẹ́prílì ni ìkòkò òfìfo. Gbígbẹ yìí kan náà ni ó ń mú kí òru ọyẹ́ tutù níbẹ̀, nítorí pé kò sí àwọsánmà tí yóò dà bí aṣọ ìbora fún ilẹ̀. Bí ibi kan bá sì ga, bí Jos tí ó fi bí mítà 1,200 ga ju òkun lọ, ooru rẹ̀ a dínkù sí i.

Ọwọ́ ènìyàn náà ti wà nínú ọ̀ràn yìí. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ṣe ìwádìí ooru ọdún 2024 sọ pé kì bá tí mú tó bẹ́ẹ̀ ní Mali àti Burkina Faso bí kò bá ṣe ti èéfín èédú àti epo tí aráyé ń sun. Díẹ̀ ni èyí tí ó ti Harobanda wá nínú èéfín náà.

Kò sí ìjọba tí ó lè yí ipò Niamey lórí ilẹ̀ ayé padà, tàbí kí ó wọ́ òkun wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n òjìji àti ọ̀rinrin wà ní ìkáwọ́ ènìyàn. Ní ọdún 1965 ni Niger bẹ̀rẹ̀ sí gbin igbó kan sí ẹ̀gbẹ́ Niamey láti dáàbò bo ìlú náà. Ilé ti jẹ apá kan rẹ̀. Ní ọdún 1974, lẹ́yìn ọ̀dá ńlá, àwọn orílẹ̀-èdè Sahel dá ibùdó AGRHYMET sílẹ̀ ní Niamey láti máa ṣọ́ ojú ọjọ́ àti omi. Ìmọ̀ kò wọ́n mọ́. Ohun tí ó kù ni kí ìkìlọ̀ dé etí arúgbó tí ó wà lábẹ́ páànù kí ooru tó dé, kí omi mímu wà nítòsí, kí a sì dá igi tí ó kù sí.

Àwọn àgbà ní òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ti ooru yàtọ̀. Ó ń wá ẹni tí kò ní igi, tí kò ní omi, tí kò ní ẹni tí yóò bẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sán.